Ta Ló Fọ́ Aṣọ́lé Mówè Lójú?

Fàsílátù Láwàlì sín, ó tún sín, omi sì lé ròrò sí i lójú. Kì í ṣe pé ọ̀fìnkìn mú un. Aṣọ ìnura funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú báàgì aṣọ́lé ló fà á. Ó yára tì í sínú ọ̀rá kan, ó so ẹnu ọ̀rá náà pinpin, ó sì fi etí ìbòrí rẹ̀ nu ojú. Obìnrin náà ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ju kí ó máa béèrè irú òórùn tí èyí jẹ́ lọ. Tíágáàsì ni.

Láti ọ̀sán Sátidé tí wọ́n ti gbé aṣọ́lé náà dé àgọ́ ọlọ́pàá ni báàgì yìí ti wà ní kọ̀rọ̀ yàrá tí wọ́n ń kó ẹ̀rí sí, ẹnikẹ́ni ò sì tú u wò. Kí ni wọ́n fẹ́ tú u wò fún? Gbogbo Mówè ló ti dá ẹjọ́ náà tán kí ó tó dé etí ọlọ́pàá. Wọ́n ní Olúwajùwọ́n, aṣọ́lé náà, ti ta ìdíje. Wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Wọ́n fa aṣọ rẹ̀ ya lẹ́nu ọ̀nà pápá, wọ́n gbá a létí, wọ́n sọ ọ́ lókùúta, wọ́n sì wá fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ bí ẹni pé oore ni wọ́n ṣe é.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Ní Sátidé yẹn, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ajagun Mówè gba Creek Stars lálejò, wọ́n sì mọ̀ pé bí àwọn bá borí, kò sí ẹni tó tún lè lé àwọn bá. Ní ìdajì àkọ́kọ́, Ajagun gbá góòlù kan wọlé, Jùwọ́n sì ń fò bí ológbò lẹ́nu ilé. Nígbà tí wọ́n padà dé láti ìsinmi, ọwọ́ rẹ̀ kò bá bọ́ọ̀lù mọ́. Èyí tó yẹ kí ọmọdé mú gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá. Òmíràn tún tẹ̀ lé e. Nígbà tí rẹfirí máa fi fọn fèrè ìkẹyìn, àlejò ti borí, ẹnì kan sì ti kígbe láti abẹ́ kánópì pé aṣọ́lé ti gba rìbá.

Ẹni tí kò bá mọ líìgì onípele kejì lè ní kí ló tó bẹ́ẹ̀. Lókè rẹ̀ ni líìgì àgbà wà, níbi tí tẹlifíṣọ̀n ti ń gbé eré káàkiri; nísàlẹ̀ rẹ̀ ni líìgì àwọn tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ wọn. Wọ́n pín àwọn ẹgbẹ́ sí ìsọ̀rí. Ẹni tó bá ṣe kìíní nínú ìsọ̀rí tirẹ̀ ló ń gòkè, àwọn tó bá wà nídìí pátápátá á sì já. Ẹgbẹ́ méjì á pàdé nílé tibí, wọ́n á tún pàdé nílé tọ̀hún, ṣùgbọ́n nílé ni oníkálùkù ti ń kó máàkì jọ, torí pé kò sí ohun tí ojú àlejò kì í rí lọ́dọ̀ onílé. Àlejò tó bá gba ọ̀mì, jíjó ni wọ́n ń jó nínú bọ́ọ̀sì títí dé ilé. Àjọ líìgì ń rán kọmíṣọ́nnà ìdíje wá láti máa ṣọ́ gbogbo wọn, àmọ́ ojú méjì péré ni kọmíṣọ́nnà náà ní. Kí ẹgbẹ́ kan wá pàdánù nílé ara rẹ̀, nígbà tó ku ìdíje kan ṣoṣo kí sáà parí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ru ẹ̀bi rẹ̀. Jùwọ́n ni wọ́n gbé e rù.

Alága ẹgbẹ́ náà, Alhaji Múdàṣírù, ti búra pé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà, Ọjọ́ Ajé, tó ṣú, òun máa kéde fún àjọ líìgì pé aṣọ́lé òun ta ìdíje. Bí ìkéde yẹn bá fi jáde, Jùwọ́n ò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láyé, ilé ẹjọ́ sì ń dúró dè é. Ìyá rẹ̀ ti wá láti Ìfọ̀. Orí báǹṣì níwájú àgọ́ ló jókòó sí, kò jẹun, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni lé òun lọ.

Fàsílátù ní kí wọ́n mú ọmọ náà wá.

“Jókòó. Ṣé ojú yẹn ṣì ń ta ọ́?”

“Ó ti sàn díẹ̀, mà.”

Irọ́ ni. Ìpéǹpéjú rẹ̀ wú, ẹyinjú rẹ̀ sì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá tó mú un wọlé ti rí i, wọ́n ní ẹkún àbámọ̀ ló sun. Inú bí Fàsílátù sí wọn, ó sì bí i sí ara rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí òun náà ti gba ẹnu ìlẹ̀kùn àtìmọ́lé kọjá láàárọ̀ láìyọjú wò ó.

Ó gbé ọ̀rá náà sókè. “Tówẹ̀lì ta nìyí?”

“Kì í ṣe tèmi, mà. Tèmi pupa, ó sì ti gbó.”

“Níbo ni tìrẹ wà?”

“Nọ́ńbà náìnì Creek Stars fà á yọ lára àwọ̀n, ó jù ú sódìkejì ògiri. Mi ò rí i mọ́.”

“Kí ló fẹ́ fi ṣe?”

Jùwọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ tó bẹ́ kò jẹ́. “Wọ́n máa ń ní inú tówẹ̀lì kípà ni oògùn wà, mà. Bí àwa náà bá lọ sọ́dọ̀ wọn, a máa ń jí tiwọn.”

“Funfun yìí ńkọ́? Ta ló fún ọ?”

“Mi ò mọ̀, mà. Ní háfùtáìmù, òógùn ń dà bò mí lójú, mo na ọwọ́ sẹ́yìn pé kí wọ́n fún mi ní tówẹ̀lì. Ẹnì kan fi ọ̀kan bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo nu ojú, mo nu ọrùn. Mo kọ́kọ́ rò pé òógùn ló ń ta mí. Nígbà tá a padà wọ pápá, bọ́ọ̀lù di méjì-méjì lójú mi.”

“O ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni?”

“Mo pe Kóòṣì, mà. Ó ní kí n dúró bí ọkùnrin.”

Fàsílátù mú fóònù ọmọ náà jáde, èyí tí mánéjà ẹgbẹ́ gbé wá fún ọlọ́pàá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ọ̀dàlẹ̀.

“Kápútẹ́nì Creek Stars pè ọ́ ní Jímọ̀, ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje. Kí lẹ jọ sọ?”

“Sámúẹ́lì ni, mà. A jọ kọ́ bọ́ọ̀lù ní Ìfọ̀ ni. Ó ń béèrè bóyá pápá wa ti gbẹ, kí wọ́n lè mọ irú bàtà tí wọ́n máa wọ̀. Mo ní ẹrẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.” Ó tẹ orí ba. “Ṣé ìyẹn náà ni wọ́n ń pè ní títà, mà?”

Àlejò ló kọ́kọ́ wá sí Fàsílátù lọ́kàn. Ẹni tó jí aṣọ ìnura aṣọ́lé lè ti ṣètò kí òmíràn dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ borí nílé onílé lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tẹ nọ́ńbà Sámúẹ́lì. Kò pẹ́ tí ẹni yẹn fi gbé e, ohùn rẹ̀ sì ń yọ̀ títí tó fi gbọ́ pé ọlọ́pàá ni.

“Wọ́n ti Jùwọ́n mọ́lé? Nítorí kí ni? Màdáámù, ẹ gbọ́, ọmọ yẹn ò ta nǹkan kan o. Èmi gan-an tí mo gbá góòlù kejì, ó yà mí lẹ́nu. Mo kàn ta á sáàárín ni.”

“Kí ló dé tó o fi ń béèrè pápá lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé ẹ ò lè wò ó fúnra yín ni?”

Sámúẹ́lì rẹ́rìn-ín. “Ta ló máa ń tètè wọ pápá onílé, mà? Ṣágámù la sùn. Inú bọ́ọ̀sì la ti wọ jẹ́sì, inú bọ́ọ̀sì la ti wọ bàtà. Ní háfùtáìmù, àárín pápá la jókòó sí nínú oòrùn, omi tá a gbé wá láti ilé la sì mu. Kí wọ́n má baà fi oògùn mú wa, kò sí ẹnì kan nínú wa tó fẹsẹ̀ tẹ ilé wọn. Ẹ bi kọmíṣọ́nnà.”

“Nọ́ńbà náìnì yín ló jí tówẹ̀lì Jùwọ́n.”

“Ẹni tí kò bá jí i ni wọ́n máa bá wí, mà.”

Nígbà tó pa fóònù, ó mọ̀ pé ọ̀nà yẹn ti dí. Àwọn èèyàn tí ẹ̀rù onílé ń bà tó bẹ́ẹ̀ kò lè rìn wọ àárín wọn lọ pín aṣọ ìnura. Láti inú ilé Ajagun fúnra rẹ̀ ni nǹkan yìí ti jáde. Ó gbé ọ̀rá náà, ó pe ọlọ́kadà, ó di pápá.

Ẹ̀yìn títì márosẹ̀ ni pápá náà wà, níbi tí èèyàn ti ń gbọ́ ariwo tírélà ju ti ẹyẹ lọ. Ọ̀ṣunníkẹ́, obìnrin Ìbàfò tó ń fọ jẹ́sì tó sì ń tọ́jú yàrá ìmúra, ń sá aṣọ sórí okùn. Bó ṣe rí ọlọ́pàá ló ti kúnlẹ̀. Bí Fàsílátù ṣe fa ẹnu ọ̀rá náà díẹ̀ tí funfun hàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

“Èmi ni mo fi í bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mà. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀ pé nǹkan wà lára ẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ pé ojú ń ta á, mo ní bóyá ọṣẹ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ témi náà fi mú un ń yún mi di òní.”

“Ẹ dìde. Ẹ kò ṣẹ̀ mí. Níbo lẹ ti mú un?”

“Tiwa ti tutù rinrin, mà, torí àwọn ọmọ yẹn ń laágùn. Mo rántí pé mo rí tuntun nínú yàrá ìmúra àlejò láàárọ̀, mo sáré lọ mú ọ̀kan.”

Wọ́n jọ lọ wo yàrá náà. Eruku bo ilẹ̀ ibẹ̀ bámú, aláǹtakùn sì ti takùn sára àwọn ìkọ́ tí èèyàn ń fi aṣọ kọ́. Lórí báǹṣì gígùn kan nìkan ni wọ́n ti nu eruku kúrò.

“Orí ibẹ̀ ni wọ́n tò wọ́n sí,” ni Ọ̀ṣunníkẹ́ wí, “bíi ti òtẹ́ẹ̀lì. Lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, tí mo ní kí n wá kó wọn, mi ò rí ẹyọ kan.”

“Ṣé ẹ máa ń tò tówẹ̀lì fún àlejò tẹ́lẹ̀?”

“Rárá o, mà. Ta ló máa lò ó? Mo ní bóyá òfin tuntun ni, bóyá kọmíṣọ́nnà ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Yàtọ̀ sí ẹ̀yin, ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́ ibí?”

“Alága, Kóòṣì, àti Mánéjà tuntun.”

Fàsílátù dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó ń wo okùn aláǹtakùn yẹn. Ọ̀ràn náà ti ń yé e. Kò sí ẹni tó dẹ pàkúté fún Jùwọ́n. Àlejò ni wọ́n dẹ ẹ́ fún. Tíágáàsì tó bá ti gbẹ sára aṣọ kì í hàn sójú, àfi kí òógùn kàn án kó tó jí. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ nu ojú kí wọ́n sì fọ́jú lójú pápá. Àlejò kò wọ yàrá, Ọ̀ṣunníkẹ́ kò mọ̀kan, orí ọmọ onílé ló sì bọ́ sí. Ẹni tó sì ṣe é mọ èyí dáadáa, nítorí ó ti wá kó àwọn yòókù lọ. Ó kó wọn lọ, ó lọ sílé, ó jẹun, ó sùn, ó jẹ́ kí wọ́n fi Jùwọ́n sẹ́yìn gádà.

“Ọ̀daràn,” ló wí síta, ọ̀rọ̀ náà sì dún padà nínú yàrá òfìfo yẹn.

Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan létí ọjà Mówè. Àwọn olólùfẹ́ Ajagun ti kún ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń dúró de ìkéde Alága, wọ́n sì ń fi orúkọ Jùwọ́n kọ orin èébú. Kí Fàsílátù tó gòkè, ó ránṣẹ́ sí àgọ́ pé kí wọ́n gbé Jùwọ́n àti ìyá rẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ rí àwọn tó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kóòṣì Gbémiga ló kọ́kọ́ wọlé. Ọkùnrin náà ti gbó sínú bọ́ọ̀lù, orúnkún rẹ̀ ń ró bó bá ń jókòó. Fàsílátù bi í nípa Jùwọ́n, ó bi í nípa fóònù, ó bi í nípa ìdajì kejì. Kóòṣì ní òun ò tíì gbàgbọ́ pé ọmọ náà lè ta òun, àmọ́ ojú òun náà ló ṣe.

“Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ò yé mi tó,” ni Fàsílátù wí nígbà tí Kóòṣì fẹ́ dìde. “Bí àlejò bá dé pápá yín, níbo ni wọ́n ti ń múra?”

“Nínú bọ́ọ̀sì wọn ni, Màdáámù. Níbo ni wọ́n tún fẹ́ lọ? Àwa náà, inú bọ́ọ̀sì la ti ń wọ̀ ọ́ bá a bá jáde.”

Alhaji Múdàṣírù wọlé tòun ti agbádá àti ìbínú. Ó ní àwọn ń fi àkókò ṣòfò. Ó ní ìlú fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀. Fàsílátù bi í ní ìbéèrè kan náà níkẹyìn.

“Yàrá yẹn? Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe wàhálà líìgì yìí, mi ò rí àlejò tó wọ inú ẹ̀ rí. Àjọ líìgì ló ní dandan ni ká kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń lò ó. Mo tiẹ̀ ń ronú àtikó sìmẹ́ńtì mi sí i.”

Ẹni kẹta ni Mobọ́lájí, mánéjà tuntun. Ará Akúté ni, àbúrò ìyàwó Alága. Ilẹ̀ títà ni iṣẹ́ rẹ̀ látilẹ̀, àárín sáà yìí ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í ṣe mánéjà. Bó bá di ọjọ́ ìdíje, abẹ́ kánópì àwọn ènìyàn ńlá ló ń jókòó sí. Òun ló kọ́kọ́ kígbe rìbá ní Sátidé. Ó kí Fàsílátù dáadáa, ó sì dáhùn gbogbo ìbéèrè bí ẹni tó ti há a sórí.

“Ẹ ti ṣe mí lóore púpọ̀,” ni Fàsílátù wí. “Ẹyọ kan ló kù. Bí àlejò bá dé, níbo ni wọ́n ti ń múra?”

“Nínú drẹ́sìnrúùmù tá a fún wọn ni, mà.”

“Ó dá yín lójú?”

“Ìbéèrè wo nìyẹn, mà? Ibẹ̀ náà ni. Gbogbo tíìmù ló ní drẹ́sìnrúùmù tiwọn.”

Fàsílátù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣí ìlẹ̀kùn, ó sì ní kí Alága àti Kóòṣì padà wọlé.

Ó gbé ọ̀rá náà lé orí tábìlì, ẹnu rẹ̀ ṣì wà ní síso pinpin. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò ó. Iná ti lọ, fáànù dúró, òógùn sì ń ṣàn lójú gbogbo wọn.

“Tówẹ̀lì tí Jùwọ́n fi nu ojú ní háfùtáìmù nìyí,” ló wí. “Inú yàrá àlejò ni wọ́n ti mú un. Ẹnì kan tò wọ́n síbẹ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ó sì kó ìyókù lọ lẹ́yìn rẹ̀. Mobọ́lájí, ooru yìí mú yín. Ẹ fi nu ojú yín.”

Ó ti ọ̀rá náà sí i. Mobọ́lájí ti àga rẹ̀ sẹ́yìn títí ó fi kan ògiri.

“Kí lẹ ń sá fún?” ni Fàsílátù béèrè. “Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí pé nǹkan kan wà lára ẹ̀.”

“Mi ò sá, mà. Mi ò kàn… ẹnikẹ́ni ló lè tò ó síbẹ̀. Kóòṣì ní kọ́kọ́rọ́. Ọ̀gá náà ní.”

“Òótọ́ ni. Ohun tó kó àárẹ̀ bá mi nìyẹn, títí mo fi rí eruku yàrá náà. Bí Kóòṣì bá fẹ́ ṣe àlejò níbi, ìdí bọ́ọ̀sì ló máa lọ. Bí Alága bá fẹ́ ṣe wọ́n níbi, ìdí bọ́ọ̀sì ló máa rán èèyàn lọ. Kò sí ẹni tó jẹun nínú líìgì yìí rí tó máa dẹ pàkúté sínú yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀. Ẹni tó ṣe é gbà tọkàntọkàn pé inú yàrá yẹn ni àlejò á ti múra, nítorí abẹ́ kánópì ló ń jókòó sí, kò sì rìn dé ìdí bọ́ọ̀sì rí. Ẹ̀yin mẹ́ta ni mo bi ní ìbéèrè kan náà lónìí. Mobọ́lájí, ẹ̀yin nìkan lẹ dáhùn pé inú yàrá ni.”

Kóòṣì Gbémiga yíjú sí Mobọ́lájí díẹ̀díẹ̀.

“Àwa ọlọ́pàá mọ òórùn tíágáàsì,” ni Fàsílátù ń bá a lọ. “Àwọn tó ń bá ọmọ onílẹ̀ jà nítorí ilẹ̀ máa ń ní agolo rẹ̀ kékeré nínú mọ́tò. Ṣé kí n lọ ṣí tiyín?”

Mobọ́lájí wo ojú ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí ẹni ń wá ẹni tó máa gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n Alága kò wò ó. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti kéré. “Kí Ajagun lè gòkè ni mo ṣe ṣe é. Nígbà tí mo rí i pé kò mú wọn, mo ní bóyá wọ́n gbé tiwọn wá ni.”

“Jùwọ́n ńkọ́? Ẹ rí i tó ń fi funfun nu ojú?”

Mobọ́lájí wo ìlẹ̀kùn.

“Mo ní ṣé ẹ rí i!”

“Mo rí i, mà. Ó ti nu ú tán kí n tó lè sọ nǹkan kan.”

“Ẹ rí i. Ẹ mọ ohun tó ń fọ́ ọ lójú. Ẹ sì dìde níwájú gbogbo ayé, ẹ na ọwọ́ sí i pé olè ni. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń lù ú. Ẹ tún gbé fóònù ẹ̀ wá bá wa ní àgọ́!” Fàsílátù fi ọwọ́ lu tábìlì. “Mo ti mú adigunjalè rí tó ní ìtìjú jù yín lọ.”

Alhaji Múdàṣírù wẹ̀yìn wò, ó lọ ti fèrèsé kí ohùn má baà jáde. Ìbínú rẹ̀ ti pòórá, ó ti di ẹlẹ́bẹ̀.

“Màdáámù mi, ẹ ṣe sùúrù. Mo ti gbọ́. Màá bá a wí, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó. Bọ́ọ̀lù kan ló kù. Bí àwọn tó wà lókè bá ṣubú tá a sì borí, a ṣì lè gòkè. Bí àjọ líìgì bá gbọ́ pé ilé wa la ti fi tíágáàsì sí aṣọ àlejò, wọ́n á gba máàkì lọ́wọ́ wa, wọ́n tiẹ̀ lè já wa sísàlẹ̀. Ẹ tú ọmọ náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ká ní àpólò ló mú un lójú. Gbogbo èèyàn ló ń ní àpólò.”

“Àpólò.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹnikẹ́ni ò ní farapa.”

“Ẹnikẹ́ni ò ní farapa!” Fàsílátù wò ó láti òkè dé ilẹ̀. “Alhaji, ẹ yọjú ní fèrèsé yẹn. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ lórin? Bí ọmọ yẹn bá ní àpólò, kí ló dé tó fi wọ pápá? Títí ayé, bó bá ti kọjá ní Mówè, wọ́n á máa fi ìka tọ́ ọ pé ẹni tó ta wá nìyẹn. Kò sí tíìmù tó máa gbà á. Ẹ fẹ́ fi ayé ọmọ ọlọ́mọ gun òkè líìgì. Lójú mi kọ́!”

“Mo bẹ̀ yín ní orúkọ Ọlọ́run—”

“Ẹ má pe Ọlọ́run sí i.”

Kóòṣì Gbémiga dìde, orúnkún rẹ̀ ró. Gbogbo wọn rò pé Alága ló fẹ́ gbè lẹ́yìn. “Ó sọ fún mi,” ló wí. “Ọmọ náà pè mí lójú pápá, ó ní òun ò ríran. Mo ní kó dúró bí ọkùnrin.” Ó rìn lọ sí ìdí ìlẹ̀kùn, ó ṣí i gbayawu, ó sì yíjú sí Mobọ́lájí. “Dìde. Ìwọ lo sọ ọ́ níta. Ìwọ náà lo máa lọ sọ òótọ́ fún wọn.”

Nígbà tí wọ́n jáde sórí àtẹ̀gùn, mọ́tò ọlọ́pàá ti dé. Jùwọ́n sọ̀kalẹ̀, ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, àwọn èrò sì hó lé e lórí. Ẹnì kan ju ọ̀rá píọ́wọ́tà lù ú láyà. Fàsílátù gbé ọwọ́ sókè, ó sì ti Mobọ́lájí síwájú.

Kò sọ ọ́ dáadáa. Ó ń dá ọ̀rọ̀ gé, Fàsílátù sì ń bi í léèrè títí gbogbo rẹ̀ fi jáde: aṣọ ìnura, tíágáàsì, yàrá àlejò, àti bó ṣe rí Jùwọ́n tó ń nu ojú tí òun sì dákẹ́. Fàsílátù wá fi tirẹ̀ kún un pé òun fúnra òun ló máa rò ó fún àjọ líìgì, ìyẹn ni pé àtigòkè Ajagun ti bọ́. Kò sẹ́ni tó hó. Àwọn kan bú Mobọ́lájí, àwọn tó pọ̀ jù ń wo ilẹ̀. Ọlọ́pàá méjì fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i lọ́wọ́, wọ́n gbé e wọ inú mọ́tò kan náà tó gbé Jùwọ́n dé.

Lẹ́yìn èyí, ohùn kan dá orin láti ẹ̀yìn. Orúkọ Jùwọ́n náà ni, ṣùgbọ́n orin ìyìn ni lọ́tẹ̀ yìí. Kíá, gbogbo wọn ti gbà á. Wọ́n rọ́ lu ọmọ náà, wọ́n já a gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, wọ́n gbé e sókè sí èjìká, wọ́n ń jó, wọ́n ń pè é ní ògo Mówè. Fàsílátù dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń wò wọ́n, inú rẹ̀ kò sì dùn.

Láti òkè tí wọ́n gbé e sí, Jùwọ́n tẹjú mọ́ ẹni tó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ léjìká. Ó wò ó pẹ́ díẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ ò tíì mọ́lẹ̀ tán.

“Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ fa aṣọ mi ya.”

Ọkùnrin náà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó ń kọrin lọ.

“Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀,” ni Jùwọ́n wí.

“Kípà wa! Kípà wa!”

“Mo ní kí ẹ sọ̀ mí kalẹ̀!”

Orin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká láti iwájú lọ sẹ́yìn. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó gba ọ̀nà àárín wọn kọjá, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì, ó mú ọwọ́ ìyá rẹ̀, wọ́n sì forí lé gáréèjì láti wọ mọ́tò Ìfọ̀. Kóòṣì Gbémiga pè é láti ẹ̀yìn, kò dúró.